Nígbà tí "ọmọ oṣù méje" bá wọ iléèwé

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní iléèwé ọmọ rẹ̀ ní agbègbè Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ rò fún un kì í ṣe tuntun. Ọmọ náà kì í da ohun tó wà lójú pátákó kọ tán kí wọ́n tó nù ún. Bí wọ́n bá ní kó mú ìwé ìṣirò, kó ṣí ojú ewé kejìlá, kó ṣe nọ́ńbà kìíní sí ìkẹta, ìwé nìkan ni yóò mú, yóò dì í mọ́ àyà, yóò sì dúró. Kì í jà, kì í pariwo. Fèrèsé ló máa ń wò ṣáá, bí ẹni pé ẹnì kan ń pè é níta. Tíṣà rẹ̀ kò fi ìkà sọ ọ́. Ó ní bóyá kí wọ́n jẹ́ kó tún kíláàsì náà ṣe. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ̀ tún fi àdúrà sí i, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n lẹ́gbẹ́.

Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ náà lò nínú.

Ọ̀sẹ̀ 29 ni. Kílò kan àti díẹ̀ ló wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, orí rẹ̀ kò ju ọsàn ńlá kan lọ. Ó lo ọ̀sẹ̀ méje ní ọsibítù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé, ijó ni gbogbo ilé fi pàdé rẹ̀, pé a ti gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Fáìlì ọsibítù bọ́ sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Ọdún méje kọjá, kò sẹ́ni tó tún yọ ọ́ wò.

Fáìlì yẹn ni mo fẹ́ ṣí lónìí. Tí ìròyìn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, pàápàá ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá tí gbogbo ayé fi ń rántí wọn lọ́dọọdún, bóyá ọmọ yóò yè tàbí kò ní yè ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yè yóò jókòó, yóò rìn, yóò sọ̀rọ̀, yóò lọ síléèwé, yóò ní ọ̀rẹ́ tàbí kó má ní. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń fi àwọn òbí sílẹ̀ láti máa dá méfò.

Oṣù méje, oṣù mẹ́jọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín wa gbà pé ọmọ oṣù méje máa ń yè, pé ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Àwa nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn wọn. Irọ́ ni, ó kàn jẹ́ irọ́ tó lágídí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá rí fi kún tirẹ̀ nínú ilé ọmọ, àǹfààní ni fún un. Ọmọ oṣù mẹ́jọ sàn ju ti oṣù méje lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Àwọn dókítà kì í tilẹ̀ ka oṣù. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà, láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí ìyá rí kẹ́yìn. Oyún tó pé jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí kò tó ọ̀sẹ̀ 28 ni tirẹ̀ le jù. Láti 28 sí 32 tẹ̀lé e. Láti 32 sí 37 ló rọrùn díẹ̀. Ẹgbẹ́ ìkẹyìn yìí ló pọ̀ jù, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, mo máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Lọ́dún 2020, WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wáyé ní gbogbo àgbáyé, ìyẹn nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí iye wọn pọ̀ jù. Tiwa lé ní 700,000 lọ́dún yẹn nìkan. Ohun tó ń fà á pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún, ibà, kòkòrò àìsàn tó wọ ilé ọmọ, oyún tó tẹ̀ lé èkejì kíákíá, ọrùn ilé ọmọ tí kò lè di ẹrù rẹ̀ mú. Nígbà míì, wọ́n á wá ìdí títí, wọn ò ní rí i. Ìbejì náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì kàn wá ju ẹlòmíì lọ, torí ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí bí ibi tí ìbejì ti pọ̀ jù láyé. Ó lé ní ìdajì ìbejì tí kì í dúró de ọ̀sẹ̀ 37. Ilé tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá wà, kí wọ́n fi ara balẹ̀ ka èyí.

Aṣọ tí kò pẹ́ nínú aró

Ẹ̀dọ̀fóró ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù, torí òun ló ń pa ọmọ kíákíá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún John F. Kennedy tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ààbọ̀ ṣáájú àkókò. Wákàtí 39 ló lò láyé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè ṣí dáadáa, bàbá rẹ̀ tó lè pàṣẹ fún ọmọ ogun kò sì lè pàṣẹ fún èémí. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 1972, dókítà méjì ní New Zealand, Liggins àti Howie, fi ìwádìí hàn pé abẹ́rẹ́ tí a gún fún ìyá kí ọmọ tó jáde lè mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Abẹ́rẹ́ náà wà ní Nàìjíríà lónìí, kò sì wọ́n.

Ṣùgbọ́n iléèwé kì í fi ẹ̀dọ̀fóró ṣe ìdánwò. Ọpọlọ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ 34, ìwọ̀n ọpọlọ ọmọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí yóò jẹ́ nígbà tó bá pé oṣù. Ní ọ̀sẹ̀ 24, ojú rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dán borokoto. Púpọ̀ nínú àwọn ìkákò àti kòtò tí a ń rí lára ọpọlọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá ìkẹyìn ni wọ́n ń yọ. Àkókò yẹn náà ni àwọn okùn tín-ín-tín tó ń gbé ìránṣẹ́ láti apá kan dé apá kejì ń nà kiri, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì ń múra láti fi ọ̀rá bò wọ́n, kí ìránṣẹ́ lè máa yára.

Àwa ará Òṣogbo, ìlú aró, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Aláró kì í ti aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á rì í, á yọ ọ́ sí atẹ́gùn, á tún rì í, títí yóò fi dú bó ṣe fẹ́. Bí òjò bá lé e kúrò nídìí ìkòkò lẹ́yìn ìrì ẹlẹ́ẹ̀kejì, aṣọ ṣì ni aṣọ náà. Kò ya. Ṣùgbọ́n ibì kan yóò gba aró ju ibì kan lọ, a kò sì ní mọ ibi tó ṣá títí oòrùn yóò fi tàn sí i. Àfiwé ni o, ó sì níbi tó mọ: ọmọ ju aṣọ lọ, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń gba aró lọ lẹ́yìn tó ti jáde. Ìyẹn ni gbogbo ìrètí tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Yàtọ̀ sí àkókò tí kò pé, ọpọlọ yìí tún lè fara pa. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà; bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sókè sódò lójijì, wọ́n lè bẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ọ̀rá tí mo sọ yẹn kì í sì í fara da àìtó afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń gbàgbé láti mí, torí ibi tó ń pàṣẹ èémí kò tíì gbó. Oògùn tí wọ́n ń fún un ni kaféènì, ohun kan náà tó wà nínú kọfí àti nínú obì. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006 àti 2007, àwọn ọmọ tó gba kaféènì kò ní àìlera iṣan tó ń tinú ọpọlọ wá tó àwọn tí kò gbà á, nígbà tí wọ́n fi máa pé bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ rún obì sí ọmọ lẹ́nu. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré jọjọ, wọ́n sì máa ń ṣọ́ lílù ọkàn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fún un.

Èyí tó ń hàn àti èyí tó ń sá pamọ́

Ti iṣan ló máa ń tètè hàn. Ẹsẹ̀ ọmọ á le, á máa fi orí ìka rìn, tàbí kó má lè jókòó nígbà tó yẹ. Cerebral palsy ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn máa ń pè é ní rọpárọsẹ̀, ó sì yàtọ̀ pátápátá: kòkòrò ló ń fa rọpárọsẹ̀, kì í sì í ran ọpọlọ báyìí. Ojú náà wà níbẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú kò tíì dàgbà tán. Bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n ń fún ọmọ bá pọ̀ jù, wọ́n lè hù gbàrùgbàrù, kí wọ́n fa awọ ẹ̀yìn ojú ya. Stevie Wonder, akọrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1950 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àkókò, báyìí ni ojú rẹ̀ ṣe lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí ló yẹ kí dókítà ojú yẹ ẹ̀yìn ojú ọmọ tó kéré gan-an wò, torí ìtọ́jú wà tó bá tètè rí i. Tó bá di pé ìyá ló kíyè sí i ní oṣù mẹ́fà pé ọmọ òun kì í wo òun lójú, ó ti pẹ́ jù.

Àwọn tó ń sá pamọ́ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, àwọn olùwádìí kan tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1995 kí ọ̀sẹ̀ 26 tó pé. EPICure ni orúkọ ìwádìí náà. Nígbà tí àwọn tó yè pé ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, 22 ní ìṣòro tó lágbára, 24 ní ti àárín, 34 ní ìṣòro fẹ́ẹ́rẹ́, 20 kò sì ní nǹkan kan. Àwọn tí àkókò wọn kéré jù lọ nìyẹn, nítorí náà kí ìyá ọmọ ọ̀sẹ̀ 33 má fi ìṣirò yìí pa ara rẹ̀. Ohun tó gba ọkàn mi ni 34 yẹn. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ríran, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ojú lásán lè tọ́ka sí. Síbẹ̀ nǹkan kan wà níbẹ̀.

Kí ni nǹkan náà? Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ lórí àwọn ọmọ tó ti tó iléèwé. Wọ́n rí i pé àmì ìdánwò òye àwọn tí oṣù wọn kò pé fi nǹkan bí 11 rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó pé, àti pé ADHD, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọkàn gbé ojú kan, fi ju ìlọ́po méjì lọ láàárín wọn. Tiwọn tún ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ tí a mọ̀ sí oní-ADHD ni èyí tó ń fò lórí tábìlì. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sábà máa ń jẹ́ ti àìlèfọkànsí nìkan, ara rẹ̀ á dákẹ́. Ẹ̀rù máa ń tètè bà á, pàápàá níbi tí èrò bá pọ̀. Kì í sì í tètè mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú eré àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń rìn pọ̀. Autism, ìyẹn ìyàtọ̀ ọpọlọ tó ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá wọn ṣe pọ̀ ṣòro, náà pọ̀ sí i láàárín wọn: àkójọ ìwádìí kan ní 2018 rí i lára nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò ló sì máa ń fún wọn ní wàhálà jù, ju ìwé kíkà lọ. Ìdí wà. Ẹni tó fẹ́ ro 27 mọ́ 38 gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan mú lọ́kàn nígbà tó ń ṣe èkejì. Ibi tí ọpọlọ ń gbé nǹkan lé fún ìgbà díẹ̀ yìí dàbí àtẹ́lẹwọ́: bó bá gba ẹrù kan, tí o di mẹ́ta lé e, méjì á já bọ́. Ẹ padà sí ọmọ tí wọ́n ní kó mú ìwé, kó ṣí ojú ewé, kó ṣe nọ́ńbà mẹ́ta. Ó mú ìwé. Ó gbọ́ràn. Ìyókù ló já bọ́.

Ní àdúgbò wa, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ ìṣirò, olódo. Bí kò bá dáhùn ìpè ẹ̀ẹ̀kíní, olóríkunkun. Bó bá ń dá ṣeré, tó ń dá sọ̀rọ̀, emèrè ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń bá ṣe. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún nítorí pé kì í wo èèyàn lójú. Àmọ́ orúkọ tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "ọmọ jẹ́jẹ́". Oníjàgídíjàgan, wọ́n á pe òbí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì tó wọlé. Ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan lè jókòó bẹ́ẹ̀ dé pirámárì kẹrin kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àwọn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn dà? Ọmọ ọ̀sẹ̀ 34, 35, 36. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dé inú inkubétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ara ìkókó móoru. Ìyá á sùn ní ọsibítù lálẹ́ kan, wọ́n á lọ sílé. Ewu tiwọn kéré gan-an sí ti ọmọ ọ̀sẹ̀ 26, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní mọ ohunkóhun lára. Ṣùgbọ́n ewu kékeré lórí èrò púpọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí a bá kó gbogbo ọmọ tí ìwé kò wọ̀ dáadáa nítorí àìpé oṣù jọ, inú ẹgbẹ́ yìí ni púpọ̀ wọn yóò ti wá, àwọn gan-an ni a kì í sì í bi ní ìbéèrè.

Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ká gbé ka orí ọ̀sẹ̀ tó dín. Èyí tí ó dùn mí jù ni èyí tí a lè yẹra fún.

Ibà pọ́njú wọ́pọ̀ lára ìkókó, ó sì máa ń burú jù lára èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lè kó ìdọ̀tí pípọ́n inú ẹ̀jẹ̀ dànù. Bí ìdọ̀tí náà bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ọmọ lè di adití, tàbí kí ara rẹ̀ máa lọ́ láì ní ìjánu, títí ayé rẹ̀. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ọmọkùnrin Nàìjíríà ló sì ní àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní àìtó G6PD. Káńfọ̀, róbótó funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́ yánnayànna. Aṣọ àfipamọ́ tí ìyá àgbà fi ìfẹ́ yọ nínú àpótí, òórùn rẹ̀ nìkan lè tó. Ẹ fọ gbogbo aṣọ àtijọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ìkókó. Ó dára jù kí káńfọ̀ má sí nílé náà rárá.

Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ má sọ pé oòrùn àárọ̀ tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé oòrùn lè ṣiṣẹ́ bí iná náà, ṣùgbọ́n oòrùn tí wọ́n fi ike pàtàkì sẹ́ ni, lábẹ́ àgọ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọmọ. Àgbo kò sí níbẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ní ìlú Ọ̀ṣun, ẹni tó bá ní kí wọ́n má fún ọmọ lágbo yóò dàbí ẹni tó ń bú ìyá ìlú. N kò bú u. Kíndìnrín ọmọ kílò kan kò kàn lè gbé e.

Ọ̀já níwájú

Ní 1978, ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Colombia, inkubétọ̀ kò kárí ní ọsibítù kan, ọmọ méjì mẹ́ta ń pín ẹyọ kan, wọ́n sì ń kó àìsàn ran ara wọn. Dókítà Edgar Rey Sanabria ní kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà ara wọn, ara sí ara. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ẹranko Ọsirélíà kan, kangaroo, tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn.

Apá tiwa nínú ìtàn náà kò jìnnà rárá. Ọkọ̀ kan péré ló máa gbé yín láti Òṣogbo dé ibẹ̀. Nígbà tí WHO fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n so ọmọ mọ́ àyà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i, dípò kí wọ́n dúró kó kọ́kọ́ gbádùn nínú ẹ̀rọ, wọ́n ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Ghana, India, Malawi, Tanzania àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà. Ọmọ 3,211 ló kópa, èyí tó kéré jù láàárín wọn wọn kílò kan, èyí tó tóbi jù kò pé kílò 1.8. Ikú fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín láàárín àwọn tí wọ́n tètè so mọ́ àyà, débi tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, torí kò dára mọ́ láti fi í du àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Ọdún tó tẹ̀ lé e, WHO fi í ṣe ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé.

Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ọmọ níléèwé? Ní Bogotá, wọ́n lọ wá àwọn ọmọ tó kópa nínú ìwádìí kan láàárín 1993 sí 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti pé ogún ọdún. Àwọn tí wọ́n so mọ́ àyà nígbà náà kì í tètè bínú bíi ti àwọn yòókù, ara wọn balẹ̀ jù, wọn kì í sì í pa iléèwé jẹ bíi tiwọn. Òbí wọn náà sún mọ́ wọn jù.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú èyí ni pé a ti ní ọ̀já. Ọmọ á wà níhòòhò, àfi ìtẹ́dìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Á dúró lóòró láàárín ọmú, orí rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kí imú má bàa dí. Kí ẹ wá fi ọ̀já dè é, kó le níwọ̀nba. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ó kéré tán, ó sì dára kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àlejò yóò béèrè pé kí ló dé tó fi pọn ọmọ síwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa béèrè. Bàbá náà lè ṣe é, àyà rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ orí méjì

Ìyá tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ 30 máa ń sunkún ní oṣù mẹ́fà pé ọmọ òun kò tíì lè jókòó bíi ti aládùúgbò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yára. Mẹ́rìndínlógún ló kù, kò tó oṣù mẹ́rin. Ta ló ń retí kí ọmọ tí kò tó oṣù mẹ́rin jókòó? Títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì, ọjọ́ orí tí a yọ ọ̀sẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ yìí ni dókítà máa ń lò láti wo ìdàgbàsókè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni kì í tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ni ti abẹ́rẹ́, ẹ má dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kì í ṣe àwáwí. Bí ẹ bá ti yọ ọ̀sẹ̀ tán, tí ọmọ kò sì rẹ́rìn-ín síni ní oṣù mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi, tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú nǹkan kó tó pé ọdún kan, tàbí tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan pàtó ní ọdún kan ààbọ̀, ẹ gbé e lọ. Ní Òṣogbo, dókítà àwọn ọmọdé wà ní ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN, ọsibítù ìjọba sì wà ní Asùbíàrò. Ẹ mú fáìlì ìbí dání. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ibà pọ́njú àti àwọn oògùn kòkòrò kan tí wọ́n ń fún ìkókó lè ba etí jẹ́, ọmọ tí kò gbọ́ràn sì lè jẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn lóòótọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá kọ, ẹ má pa á tì. Àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oyún ni ọmọ ń kó irin inú ẹ̀jẹ̀ jọ, tirẹ̀ kò sì kó tán.

Nílé, ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ ọpọlọ. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń gbọ́ lẹ́nu àgbà nígbà tó ṣì wà ní ọsibítù. Àwọn tó gbọ́ púpọ̀ ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò èdè nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Nígbà tí mo kà á, ìyá àgbà mi ló wá sí mi lọ́kàn. Kò mọ ìwádìí kankan. Láràárọ̀ ló ń ki ìkókó ní oríkì látòkèdélẹ̀, tó ń dárúkọ baba ńlá tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́, tí ọmọ á máa wo ẹnu rẹ̀. Fóònù tí a ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ lónìí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́wọ́ kejì, kí a má sọ ọmọ di ẹyin. Ìyá tó ti rí ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kì í fẹ́ kó ṣubú, kì í fẹ́ kó bá ẹlòmíì ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, á máa bọ́ ọ lóúnjẹ ní ọmọ ọdún márùn-ún. Mo mọ ohun tó ń lé e. Àmọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, inú eré ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń ní ọ̀rẹ́.

Ní ti iléèwé, títún kíláàsì ṣe ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dábàá. Ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n wò ní Bavaria, ní Jámánì: àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n dá dúró lọ́dún kan kí wọ́n tó wọ iléèwé; kò ran ìwé wọn lọ́wọ́. Ọpọlọ tó ń gba ẹrù kan kì í di èyí tó ń gba mẹ́ta nítorí pé a tún ẹrù kan náà dì lé e lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a ṣe ń di ẹrù náà ni ká yí padà: àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, ìjókòó iwájú kúrò lẹ́bàá fèrèsé, àkókò díẹ̀ sí i láti kọ ọ̀rọ̀ ojú pátákó, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀pá ìṣirò tó lè fọwọ́ kàn. Owó kò wọ̀ ọ́. Tíṣà tó ní ọmọ ọgọ́ta nínú kíláàsì lè rojọ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú wà nínú kíláàsì rẹ̀ náà.

Ní Ontario, Canada, wọ́n bi àwọn tí kò tó kílò kan nígbà ìbí léèrè, nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ ní ogún ọdún, pé báwo ni ayé ṣe rí lára wọn. Ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó pé oṣù. Mo ka ìlà yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní kí n tún un kà.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó yọ fáìlì náà, ó sì gbé e lọ bá tíṣà. Ìwé ti pọ́n, ìka ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀ kò tó ìka ọwọ́ mi. Tíṣà kà á lórí ìdúró, ó tún jókòó kà á. Ó ní kí ọmọ kó báàgì rẹ̀ wá sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó wá ń wo àwọn ìbejì méjì kan lẹ́yìn kíláàsì, tí ọ̀kan nínú wọn ti gbé orí lé tábìlì.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn yẹn ńkọ́? Ṣé kí n bi ìyá wọn náà?"